Òkété Tí Mo Bẹ̀, Òkété Tí N Ò Bẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Ìwé yìí kì í ṣe tèmi. Ti ẹran ni. Ọlámipọ̀ ló fún mi pé kí n máa kọ iye oúnjẹ tí òkété kọ̀ọ̀kan jẹ sínú rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ — láti iwájú. Láti ẹ̀yìn wá, èmi ni mo ni ín. Ẹni tó bá ṣí i láti ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ló wá ọ̀ràn.

Òkété mẹ́rìndínlógún ló wà lọ́wọ́ mi ní yàrá ẹran kọ́lẹ́ẹ̀jì, lẹ́yìn ìlú Ayétòrò níbí. Nọ́ńbà ni wọ́n fún wọn. Dókítà Gbọ́lá, ọ̀gá wa, kò fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ẹran lórúkọ. Ó ní ẹni tó bá sọ ẹran lórúkọ á máa ṣojúsàájú. Kí Ọlọ́run forí jì mí — gbogbo wọn ni mo ti sọ lórúkọ. Nọ́ńbà kẹta ni Fàyàwọ́, torí ẹkùrọ́ tó máa ń dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ẹnu bodè kọjá. Nọ́ńbà kẹsàn-án ni Kòkúmọ́. Ó kú tán lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ó tún jí. Nọ́ńbà kejìlá ni Ìyá Àdínì, torí bó ṣe máa ń jókòó gẹlẹtẹ.

Iṣẹ́ tí a ń fi wọ́n ṣe, kí n kọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ọlámipọ̀ ń kàwé láti di dókítà — kì í ṣe ti abẹ́rẹ́, ti ìwé ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iná díẹ̀ lórí agbárí lè mú kí òkété tètè kọ́ ohun tuntun, kó má sì gbàgbé. Iná náà kò tó èyí tó ń tan tọ́ọ̀ṣì. A ó dé fìlà kékeré sí òkété lórí fún ogún ìṣẹ́jú, wáyà méjì lára rẹ̀, fóòmù tó rin fún omi iyọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di inú ilé ọlọ́nà-mẹ́jọ tí káfíńtà fi pákó kàn fún wa. Ẹkùrọ́ wà ní ìdí ọ̀nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí òórùn má baà tú àṣírí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ẹnu lè tó. Ọ̀nà yẹn ni òkété gbọ́dọ̀ kọ́. Mẹ́jọ ń gba iná lóòótọ́, mẹ́jọ kàn ń dé fìlà lásán. Ta ló ń gba èwo? Èmi ò gbọdọ̀ mọ̀. Ọlámipọ̀ ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ẹ̀rọ pa. Tèmi ni kí n tẹ bọ́tìnì.

Àfi pé mo mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8/10

Bí mo ṣe mọ̀ rèé. Bàbá mi ń dẹ pàkúté fún òkété ní Ìlárá, èmi ni mo máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fọwọ́ mú òkété láàyè. Tí iná bá ti wọlé, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí díẹ̀, irun ẹnu rẹ̀ á gbọ̀n. Díẹ̀ báyìí. Ẹni tí kò bá gbé òkété mọ́ra rí kò lè rí i. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọwọ́ mi gbọ́n?

Bàbá mi ní: ẹran tó o bá fẹ́ ni lára, kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Pè é lórúkọ, fi oríkì kì í, sọ fún un pé ọwọ́ ló ṣe é, inú kọ́. Èyí tó ò ṣe ní nǹkan kan, kí lo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sí? Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn.

Nítorí náà, tí etí bá ti lẹ̀, mo máa ń jókòó tì wọ́n. Ogún ìṣẹ́jú gbáko. Mo máa ń fi àtàǹpàkò ra wọ́n lẹ́yìn etí. "Má bínú, Fàyàwọ́, ọmọ a-walẹ̀-kọ́lé, ọmọ a-bágbẹ̀-pín-ẹ̀pà. Ọwọ́ ló ṣe é, inú kọ́." Tí etí ò bá lẹ̀ — fìlà lásán nìyẹn — mo ń lọ gbálẹ̀, mo ń lọ pààrọ̀ omi. Iṣẹ́ pọ̀.

Ọjọ́rú, 9/10

Tíṣà tún lọ sílé àtijọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Tíṣà ni ọkọ mi, Abdulrasaq. Lójú rẹ̀, Bàbá Toheebat ni mò ń pè é, ṣùgbọ́n gbogbo Ayétòrò ló ń pè é ní Tíṣà, ó sì rọrùn láti kọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Oṣù Kìíní ọdún yìí ni ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ ṣubú, ó forí lulẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Ohun àtijọ́ wà níbẹ̀ digbí. Ó lè ka orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ọdún 1998 láìfo ẹnì kan. Ohun tuntun ni kì í dúró.

Oṣù Kẹta la kó kúrò ní ilé tíṣà inú ọgbà iléèwé, torí ó ti fẹ̀yìn tì. A wá gba yàrá méjì lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ gbágùúdá. Ilé yìí kò wọ orí rẹ̀ títí di òní. Tó bá kírun tán ní mọ́sálásí, ilé tíṣà ni ẹsẹ̀ ń gbé e lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí á fún un lómi, wọ́n á pè mí. Wọ́n ṣèèyàn. Ṣùgbọ́n lónìí, obìnrin ibẹ̀ ní orí bẹ́ẹ̀dì àwọn lòun ti bá a, ó ti bọ́ bàtà.

Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà wa, tó ń bi mí pé: "Ìyá Toheebat, ìgbà wo la máa lọ sílé?"

Ọjọ́ Àìkú, 13/10

Bàbá Kétu wá. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ni, lẹ́yìn bodè lọ́hùn-ún ló ń gbé, ní Kétu. Ó gbé ẹ̀pà wá àti ọṣẹ. Ó ti gbọ́ nípa bẹ́ẹ̀dì. Kò pariwo — ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan bá a jà lé. Ó ní mò ń lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, títì Ìmẹ̀kọ kò jìnnà, ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀. Ní Kétu, agbo ilé kún fọ́fọ́, ẹni tó máa ṣọ́ ọ kò ní wọ́n.

Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ó ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Ó ní ó dáa: di Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kọkànlá. Òun á wá kírun pẹ̀lú wa. Tí àbúrò òun bá lè rìn láti mọ́sálásí dé ilé fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ sọ́nà, òun ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Tí kò bá lè rìn ín, ẹ̀yìn ọkọ̀ òun ló máa jókòó lọ. "Voilà," ó ní lédè Faransé. "Mo ti sọ ọ́."

Toheebat pè láti Ìlaròó, níbi tó ti ń ránṣọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un lọ, ẹ máa pa ara yín." Mo ní ṣé òun ló máa gbà wá sílé òun ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó láwàdà. Ṣùgbọ́n yàrá kan ló ń gbé.

N ò fẹ́ kó lọ. Kí n kọ ọ́ síbí kí ojú mi lè rí i: n ò fẹ́ kó lọ. Ẹkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15/10

Fàyàwọ́ mọ̀nà! Ó wọ ilé ọlọ́nà-mẹ́jọ, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì, ó lọ tààrà sí ìkarùn-ún, ó di ẹkùrọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá Àdínì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwọn tí etí wọn ń lẹ̀ ló ń mọ̀nà. Àwọn tó kù ń rìn kiri bí àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì tí kò jẹ́ tirẹ̀.

Mò ń wò wọ́n, Tíṣà ni mò ń rí.

Ọjọ́bọ̀, 17/10

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo bi Ọlámipọ̀. Mo ní ọmọ mi, fìlà yìí, ṣé kò lè gba orí èèyàn? Ó mọ ibi tí mò ń lọ. Ó mọ Tíṣà, ó ti jẹun nílé wa rí. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó kojú sí mi. Ó ní níbòmíràn àwọn dókítà ń dán an wò lára èèyàn, lábẹ́ ìṣọ́, ó ń ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní, kò sì ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tiwa yìí, ti òkété ni. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tiẹ̀ rò ó."

Mo ní n ò ní rò ó. Mo rò ó títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ajé, 21/10

Mo jágbe mọ́ Tíṣà lónìí. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, iná kò sí, ẹ̀wà jóná. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà pé ìgbà wo la máa lọ sílé. Lẹ́ẹ̀keje mo ní, "Ilé wo? Ilé wo, Bàbá Toheebat? Ṣé ẹ ò rí i pé ilé nìyí?" Ó wò mí bí ọmọ iléèwé tí wọ́n nà láìṣẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti gbàgbé pé mo jágbe. Èmi ò gbàgbé.

Jímọ̀, 25/10

Ọlámipọ̀ tú sẹ́lótéèpù. Àwọn tó gba iná mọ̀nà láàárín ọjọ́ márùn-ún. Àwọn tí kò gbà lo mẹ́sàn-án. Ó fò mọ́ mi. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó pe bàbá rẹ̀ tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ìlaròó, wọ́n ń gbàdúrà lórí fóònù tí gbogbo wa ń ṣe àmín. Dókítà Gbọ́lá náà bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó ní "Kò burú." Tí ọkùnrin yẹn bá ti ní kò burú, ó ti jó nìyẹn. Oṣù Kejìlá ni Ọlámipọ̀ máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gba oyè rẹ̀.

Inú mi dùn fún un. Inú mi dùn fún ara mi náà: ó ṣiṣẹ́. Iná yẹn ṣiṣẹ́.

Jímọ̀, 1 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Ẹ̀rọ kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ mi, lábẹ́ iṣu. Kó tó di Ajé, màá ti dá a padà. N ò jalè rí láyé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2/11

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má yọ nǹkan kan.

Mo kọ́kọ́ dán an wò lára mi, lẹ́yìn tí mo jẹun àárọ̀. Ó ń jẹ mí níwájú orí bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn. N ò kú. Nígbà tó di ọ̀sán, mo mú Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo rẹ fóòmù sínú omi iyọ̀, mo gbé e lé e níwájú orí. Kò bi mí pé kí ni. Ó kàn gbé orí sílẹ̀ fún mi, bí ẹni tó fẹ́ fárí. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì.

Mo wá gbọ́ ohùn ara mi. Mò ń sọ pé: "Má bínú, Àlàó, ọmọ ará Kétu. Ọwọ́ ló ṣe é, inú kọ́." Ẹnu mi ló ń dá ṣe é, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ọwọ́ mi kejì sì ti wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ń ra á. N ò tíì tẹ nǹkan kan. Tíṣà dijú. Gbogbo èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe ọkùnrin yìí ní Àlàó.

Ta ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún níbi iṣẹ́? Àwọn tí etí wọn lẹ̀. Àwọn nìkan. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, mo fi ara mi fún wọn, mò ń ki wọ́n, mò ń fọwọ́ rà wọ́n, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wọ ilé ọlọ́nà-mẹ́jọ pẹ̀lú ara tó balẹ̀. Àwọn mẹ́jọ yòókù dá wà nínú fìlà, èmi ń gbálẹ̀. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Kí ló wá kọ́ òkété — iná ni, àbí èmi?

N ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Èmi ni mo ba iṣẹ́ náà jẹ́, mo sì ti jó lórí rẹ̀.

Mo gbé fóòmù kúrò. Mo jókòó tì í. Mò ń ronú pé ìgbà wo ni mo ti jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú gbẹ̀yìn, láìgbálẹ̀, láìbẹ̀wà wò, láìwo aago. N ò rántí. Èmi tí orí mi pé.

Ọjọ́ Àìkú, 3/11

Irọ́ lè lọ fógún ọdún. N ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 4/11

Mo sọ fún Ọlámipọ̀. Mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ lé tábìlì, mo ní mo gbé e lọ sílé, n ò lò ó fún Tíṣà. Ó fẹ́ bínú, mo ní kó dúró, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo wá sọ ti etí, ti irun ẹnu, ti bàbá mi, ti ìbẹ̀bẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ mọ̀? Láti ọjọ́ wo?" Mo ní láti ọjọ́ kìíní. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọdé ń sùn. Ìbá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5/11

Ọlámipọ̀ kò wá síbi iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 6/11

Dókítà Gbọ́lá pè mí. Mo ti di ẹrù mi sọ́kàn. Kàkà kó lé mi, ó ní kí n wá fi hàn án. Ó gbé Kòkúmọ́ lé mi lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń tẹ bọ́tìnì nígbà tó wù ú. Mo ní: iná. Kò sí iná. Kò sí iná. Iná. Ìgbà mẹ́wàá, n ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ gíláàsì. Ó ní, "Màdáámú Sẹ̀kínát, odindi ọdún méjì ni mo fi ṣètò kí ojú má rí i. N ò ronú kan ọwọ́."

Ó fún mi ní ìwé ẹ̀sùn lórí ẹ̀rọ tí mo gbé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tọ́ sí mi. Ó ní a ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. A ó pààrọ̀ ọ̀nà tí ẹkùrọ́ wà, a ó sì pín ẹran sí mẹ́rin mẹ́rin: àwọn tó gba iná tí mo jókòó tì, àwọn tó gba iná tí n ò jókòó tì, àwọn tí mo jókòó tì láìsí iná, àwọn tí kò rí ọ̀kankan. Dinah tó ń ṣọ́ ilé oúnjẹ ẹran ló máa dé fìlà, á fi aṣọ bo etí wọn. Èmi á wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn tó ń rùn bíi táyà.

Oyè Ọlámipọ̀ ti di ọdún tó ń bọ̀. Ó jókòó níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń sọ ọ́. Kò wò mí. Ojú tì mí débi pé mo ń ka àwọn ihò ara ògiri.

Jímọ̀, 8/11

Mo bẹ ọ̀gá kí n máa wọ iṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ dípò méje. Ó gbà.

Láàárọ̀ mo mú Tíṣà dé ẹnu mọ́sálásí, a sì rìn padà sílé. Díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ibi tí ọ̀nà ti pín, níbi tàǹkì búlúù, òsì ló fẹ́ yà, sápá iléèwé. Mo dúró. N ò fà á. Mo ní, "Àlàó, tàǹkì rèé. Ọ̀tún." Lẹ́yìn ìyẹn: "Ṣọ́ọ̀bù bábà rèé." Lẹ́yìn ìyẹn: "Ẹ̀rọ gbágùúdá rèé." Lẹ́yìn ìyẹn: "Ilẹ̀kùn kẹta." Bó ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní táìmùsì ni mo ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. Ó gba ogún ìṣẹ́jú.

Nígbà tí a dé, ó jókòó, ó ní ìgbà wo la máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, 11/11

Àárọ̀, tàǹkì, òsì. Ìrọ̀lẹ́, tàǹkì, òsì. Mo ní "ọ̀tún, Àlàó." N ò jágbe.

Ọjọ́bọ̀, 14/11

Fàyàwọ́ bọ́ sára àwọn tó gba iná tí n ò gbọdọ̀ jókòó tì. N ò gbọdọ̀ wọ yàrá rárá títí ogún ìṣẹ́jú rẹ̀ á fi pé. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ bó ṣe ń ha àgò. Ó mọ òórùn mi, ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Dinah ní kí n lọ jókòó níta, kí n yé fi ara mi jẹyà. Mo jáde. Àwọn kan lè rò pé òkété lásán ni.

Ọjọ́ Àìkú, 17/11

Tíṣà tún lọ sílé àtijọ́ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi pẹ́ dé mọ́sálásí. Ó ti jókòó sí ìloro wọn, ó ń kọ́ ọmọ ibẹ̀ ní ìṣirò. Ó sì ń kọ́ ọ dáadáa.

Mo sunkún lójú ọ̀nà, mo sì nu ojú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjìlá ló kù.

Ọjọ́rú, 20/11

Níbi tàǹkì, ó dúró fúnra rẹ̀. Kò yà sósì. Kò yà sọ́tùn-ún. Ó kàn dúró, ó ń wo tàǹkì bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ tí kò rántí orúkọ rẹ̀. N ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó yà sósì.

Síbẹ̀, ó dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23/11

Ó yà sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26/11

Èsì jáde. Ọlámipọ̀ fúnra rẹ̀ ló kà á fún mi, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn tí mo jókòó tì mọ̀nà láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ìbáà gba iná, ìbáà má gbà. Àwọn tó gba iná tí kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, bákan náà pẹ̀lú àwọn tí kò rí ọ̀kankan. Fàyàwọ́ mi, tó mọ̀nà ju gbogbo wọn lọ níjọ́sí, mẹ́wàá ló lò.

Ọlámipọ̀ ní ká má búra. Ẹran mẹ́rìndínlógún kéré, wọ́n sì ti mọ ilé ọlọ́nà-mẹ́jọ tẹ́lẹ̀. Iná lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, lọ́nà mìíràn. Nínú tiwa níbí, a ò rí i. Ó ní gbogbo ìwé tóun ti kà, ó ku kí òun lọ tún un kà, kí òun wo ta ló jókòó ti ẹran wọn.

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ṣì ń bínú. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ẹ̀ bá má sọ ọ́." Ó bù nínú ẹ̀pà mi, ó lọ. Kò tíì padà sí pípè mí ní Màmá.

Ìrètí tí mo gbé lé ẹ̀rọ ti tán. Mo rò pé màá banú jẹ́ jù báyìí lọ. N ò ráyè, a ní láti rìn lọ sí mọ́sálásí.

Ọjọ́bọ̀, 28/11

Ọ̀tún ní àárọ̀. Òsì ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀la ni Bàbá Kétu ń bọ̀.

Jímọ̀, 29/11

Bàbá Kétu dé ní agogo méjìlá, ó ti fọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ti kó ẹrù kúrò lórí àga ẹ̀yìn. Mo rí i. Mo ti di aṣọ Tíṣà sínú báàgì kan, torí ọ̀rọ̀ ni a jọ sọ. Toheebat wá láti Ìlaròó, kò ṣàwàdà kankan.

Wọ́n kírun tán. Èrò tú jáde. Tíṣà wọ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èmi, Bàbá Kétu àti Toheebat ń tẹ̀lé e lọ́ọ̀ọ́kán, bí ibi tí a ti lè sọ òkò. A ti ṣàdéhùn pé n ò ní la ẹnu. Mo fi gèlè di ẹnu mi mú.

Ó dé ibi tàǹkì, ó dúró. Ọmọ kan kí i pé "Tíṣà, ẹ kú Jímọ̀," ó dá a lóhùn, mo ní lọ́kàn mi pé ó tán, wọ́n ti dà á láàmú. Ó tún wo tàǹkì. Ó wo ọ̀nà òsì pẹ́. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, n ò gbọ́ ohun tó sọ.

Ó yà sọ́tùn-ún.

Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bábà. Ó yí níbi ẹ̀rọ gbágùúdá, ó fọwọ́ kan ògiri ibẹ̀ bí mo ṣe máa ń fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn kìíní. Ìkejì. Níbi ìkẹta, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó sì fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo tú gèlè kúrò lẹ́nu. Toheebat dì mọ́ mi. Bàbá Kétu ń fi etí agbádá nu ojú, ó ní òógùn ni.

A dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tíṣà gbójú sókè, ó rí mi, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí kò rí mi láti ìjẹta. Ó ní, "Ìyá Toheebat, ìgbà wo la máa lọ sílé?"

Mo wo Bàbá Kétu. Mo rò pé ó máa sọ pé, ṣé ẹ rí i? Ó dúró síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo bàtà tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ti mọ̀lé. Ẹnu ló kù." Ó wọlé, ó ní kí Toheebat bu oúnjẹ fún òun. Agogo mẹ́rin ló lọ, àga ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣófo.

Mo jókòó ti Tíṣà. Mo ní, "Àlàó, a ti délé." Ó ní ó dáa. Ó fọwọ́ lé ọwọ́ mi. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún bi mí pé ìgbà wo la máa lọ sílé.

Mo tún sọ fún un.